Àtẹ̀gùn Dhaulgarh

Omi là á kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ yanrìn:
ọ̀rọ̀ àwọn tí odò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé wọn nìyẹn.
Ní tiwa, yanrìn la kọ́ ń tẹ̀,
a ó tẹ̀ ẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè, a ó tẹ òkúta,
àtẹ̀gùn irinwó ó dín mẹ́ta,
kí ẹnubodè Dhaulgarh tó yọ sí wa.
Ìyá ìyá mi, Bhuri, ló kà á,
ìkòkò méjì lórí, oyún ìyá mi nínú.
Kànga ń bẹ nísàlẹ̀, òùngbẹ ń jọba lókè.

Ṣùgbọ́n òkè náà lómi rí.
Omi ọ̀hún ló gbé Rao Kelho débẹ̀,
ọmọ Rajput tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé kúrò nídìí ogún
pẹ̀lú ẹṣin kan tó ń tiro àti ogójì ọ̀dọ́kùnrin tébi ń pa.
Ó rí òbúkọ kan tó ń bọ̀ látòkè, irùngbọ̀n rẹ̀ tutù.
Ó ní, "Ibi tí irùngbọ̀n ti tutù, ilé nìyẹn."
Bhil ló ni òbúkọ. Bhil ló ni òkè.
Bhil náà ló gé àtàǹpàkò ara rẹ̀,
tó fi ẹ̀jẹ̀ sàmì síwájú orí Kelho lọ́jọ́ ìwúyè.
Ìwé ìran àwọn Kelhot mọ orúkọ ẹṣin.
Kò mọ orúkọ Bhil.

Wọ́n mọ odi lé odi.
Wọ́n gún ìṣó gígùn mọ́ ìlẹ̀kùn kí erin má lè forí tì í;
erin kan ò wá rí.
Wọ́n jagun fún ọba Delhi, wọ́n bá ọba Delhi jà,
nígbà mìíràn lọ́dún kan náà.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Tiwa ní.
Nígbà tí àrọ́mọdọ́mọ ẹ̀gbọ́n Kelho wá sàga ti òkè,
oṣù mẹ́jọ ni odi fi dúró.
Ọmọ ilé kan tí adé ń wù
ló ru àpò iyọ̀ mọ́kànlá lọ sídìí adágún lóru.
Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó jẹ iyọ̀ ọba kì í dalẹ̀.
Èyí ò jẹ iyọ̀. Ó da iyọ̀ ni.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin wọ aṣọ tó pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́,
wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn oníṣòó fúnra wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ kú.
Àwọn obìnrin ti wọ inú iná ṣáájú wọn.
Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́tàlá pupa ṣì wà lára ògiri.
Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ní ìgboyà ni.
Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí Bhuri
gbé ọwọ́ mi lé èyí tó kéré jù.
Ó bá a mu wẹ́kú.
Kò sọ nǹkan kan. A jọ sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọdé kan tí wọ́n fi sínú apẹ̀rẹ̀ jéró gbé sá
ló dàgbà, ló padà wá gba òkè.
Ó fòfin lélẹ̀: Kelhot kan ò gbọdọ̀ mu omi adágún náà mọ́.
Ibẹ̀ ni ọrùn ìran tiwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú.

Òyìnbó dé, ó fún Rao ní àgbá mẹ́sàn-án tí wọn ó máa yìn fún ọlá rẹ̀.
Òyìnbó lọ. Rao Takhat Singh tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé kan,
wọ́n sọ àsíá kalẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Bhuri.
Ó gun òkè lọ́jọ́ kejì, ó bá ìlẹ̀kùn ní títì,
ó da omi náà sídìí igi ọsàn kan, ó padà.

Lónìí, páìpù ló ń fa omi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.
Ọmọ ọmọ Rao, Nahar Singh,
èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ajá méjì, gbèsè rẹpẹtẹ,
bi mí lánàá pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà,
nítorí àwọn àlejò ń béèrè.
Mo gbé ìkòkò méjèèjì Bhuri fún un.
Mo ní kó pọnmi sí i, kó kà á.